Ọmọ Wa ní Ìdálẹ̀: Ta Ni A Gbé Ẹnu Rẹ̀ Fún Tọ́?

Bóyá ni a lè rí agbo ilé kan nínú àwọn ìlú ńláńlá wa lónìí tí kò ní ọmọ, tàbí ọmọ-ọmọ, tàbí àbúrò, ní òkè òkun. Bí a bá jáde ní ilé ìsìn ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá wà ní ààfin, bí a bá pàdé níbi ìsìnkú àgbà, ìròyìn tí a ó gbọ́ kò ju èyí lọ: ọmọ Lágbájá ti gúnlẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù, ìyàwó Làmọ̀rín ti bí ọkùnrin ní Manchester, a sì ti sọ ọmọ náà lórúkọ lórí ẹ̀rọ tẹlifóònù, tí baba àgbà ń pe orúkọ láti ìhín, tí wọ́n sì ń fi oyin àti iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu ní ọ̀hún. A bá gbogbo wọn yọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan fara pamọ́ sínú ayọ̀ yìí, tí a ti ń wò láti ọjọ́ pípẹ́, a kò sì fẹ́ kí oṣù yìí kọjá kí a tó fi í síwájú ẹ̀yin olùkàwé wa ọ̀wọ́n.

Ní àkókò Kérésìmesì kan tí kò tíì pẹ́, a lọ kí ìdílé kan tí ó sún mọ́ wa, nítorí tí ọmọ wọn ọkùnrin àti aya rẹ̀ mú ọmọ wọn, ọmọ ọdún 4, wá láti Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá àgbà, ẹni tí ó ti lé ní 80 ọdún, ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ òkè rẹ̀, ó sì jókòó de ọmọ-ọmọ rẹ̀. Nígbà tí a mú ọmọ náà dé iwájú rẹ̀, ó fà á mọ́ra, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í ní oríkì baba rẹ̀, ó kì í ní oríkì baba baba rẹ̀, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sì fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ó já gaara bi í pé kí ni ìyá yìí ń sọ. Gbogbo ilé bú sí ẹ̀rín. Àwọn kan tilẹ̀ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ bí ó ti ń sọ ọ́ bí Òyìnbó!" Ìyá àgbà náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò ki ọmọ náà mọ́. Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ tí a ń dágbére fún un, ó wí fún wa pé, "Àlùfáà, ẹ ṣeun tí ẹ wá. Ọmọ-ọmọ mi ti dé, ṣùgbọ́n èmi àti rẹ̀ kò tíì pàdé."

A kò rí èsì fọ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà ni a gbé wá síhìn-ín.

Kí ẹnikẹ́ni tó dá òbí ọmọ náà lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo irú ìgbé ayé tí wọ́n ń gbé. Ẹni tí a bí sínú agbo ilé wa kò mọ ohun tí ó jẹ́ fún ọkùnrin kan àti obìnrin kan láti dá tọ́ ọmọ. Níhìn-ín, bí ìyá bá ń wẹ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ a gbé ọmọ. Bí ó bá ń dáná, ọmọ a wà lẹ́yìn ọ̀dọ́mọbìnrin kan. Bí ọmọ bá sunkún lóru, àgbà kan a béèrè láti yàrá kejì pé kí ni ó ṣe é. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tí yóò béèrè. Nínú oṣù kejìlá, oòrùn kì í là níbẹ̀ títí di nǹkan bí agogo 8 òwúrọ̀, ó sì ti wọ̀ kí agogo 4 ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ìyá, tí ó lè jẹ́ nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn, yóò jí nínú òkùnkùn. Yóò wọ ẹ̀wù òtútù lé ẹ̀wù òtútù fún ọmọ. Yóò tì í nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọdé. Òun fúnra rẹ̀ yóò sì sáré lọ wọ ọkọ̀ ojú irin. Baba, tí ó ṣe iṣẹ́ òru, ń bọ̀ wálé nígbà tí wọ́n ń jáde. Wọn a kí ara wọn ní ẹnu ọ̀nà. Kì í ṣe àìnífẹ̀ẹ́ ni ó fa èyí, bí kò ṣe owó ilé, owó iná, àti owó ilé ìtọ́jú ọmọ náà gan-an.

Àwa kò sọ pé kò sí ohun rere ní ilẹ̀ náà. Bí obìnrin bá bímọ níbẹ̀, nọ́ọ̀sì ìjọba a máa tọ̀ ọ́ wá nínú ilé rẹ̀ láti yẹ ìyá àti ọmọ wò, ohun tí ọ̀pọ̀ obìnrin wa níhìn-ín kò tíì rí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 ni ìjọba ti ń san owó ìtọ́jú wákàtí 30 lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 38 nínú ọdún, fún ọmọ àwọn òbí tí ń ṣiṣẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ìgbà tí ọmọ bá ti pé oṣù 9. Ṣùgbọ́n bí ìwé ìwọ̀lú baba àti ti ìyá bá kọ̀ fún wọn láti jẹ nínú owó ìlú, wọn kò ní ìpín nínú oore yìí. Ìyá àgbà tí ó bá sì fẹ́ lọ tọ́jú ọlọ́mọ tuntun, ìwé àlejò rẹ̀ kì í sábà jẹ́ kí ó dúró ju oṣù 6 lọ. Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ti lè mú aya tàbí ọkọ àti ọmọ wọn dání mọ́. Láti oṣù kẹta ọdún kan náà ni irú òfin bẹ́ẹ̀ ti mú àwọn tí ń lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó àti aláìsàn.

Èyí tí ó yẹ kí ẹ̀yin àgbà fiyè sí jù lọ ni ti òfin ọmọ-ìlú. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1981, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1983, sọ pé bíbí tí a bí ọmọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan kò sọ ọ́ di ọmọ ilẹ̀ náà. Bí baba tàbí ìyá rẹ̀ kò bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ náà, tàbí ẹni tí a fún ní àyè láti máa gbé ibẹ̀ láìní gbèdéke, àlejò ni ọmọ náà láti ọjọ́ tí a ti bí i, bí kò tilẹ̀ mọ ilẹ̀ mìíràn. Ní ọwọ́ kejì, òfin ńlá orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti 1999, ní abala 25, sọ pé ibikíbi tí a bá bí i sí, bí baba tàbí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ọmọ Nàìjíríà ni òun náà. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ti rí: ilẹ̀ tí èdè rẹ̀ kún ẹnu ọmọ yìí kò tíì gbà á, ilẹ̀ tí ó sì gbà á, ọmọ náà kò gbọ́ èdè rẹ̀.

Kì í ṣe òní ni àwọn ènìyàn wa ti ń jìjàkadì pẹ̀lú ìṣòro ọmọ títọ́ ní ìdálẹ̀. Láti nǹkan bí 1955 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ilẹ̀ wa, tọkọtaya tí ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ń kàwé lálẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéde nínú ìwé ìròyìn Nursery World pé àwọn ń wá ẹni tí yóò bá àwọn tọ́ ọmọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, tí àwọn tiwa pọ̀ nínú wọn, ni a fi sọ́dọ̀ àwọn ìdílé aláwọ̀ funfun báyìí, tí a sì ń sanwó fún wọn. Àwọn òbí náà kì í ṣe òǹrorò. Onílé pọ̀ ní ìgbà náà tí kò gba aláwọ̀ dúdú, tí kò sì gba ọmọdé pẹ̀lú; ọdún 1968 ni òfin tó kọ irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀ràn ilé gbígbé. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n rò pé ohun tí a ń ṣe nílé ni àwọn ń ṣe; nítorí láàárín wa, kì í ṣe ohun tuntun pé kí a fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, tàbí sọ́dọ̀ olùkọ́, kí ó lè gbẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí a fi ọmọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nílé ń sọ èdè baba ọmọ náà, ó ń se oúnjẹ ìyá rẹ̀, ó sì ń pe orúkọ rẹ̀ bí ó ti yẹ kí a pè é. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wọn wà.

Ohun tí ó ti inú rẹ̀ jáde kò fara sin. Ọ̀gbẹ́ni Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré tí òkìkí rẹ̀ kàn, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tí a sì bí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1967, gbé ìtàn ara rẹ̀ jáde ní 2018 nínú sinimá kan tí ó pè ní Farming. Ọ̀dọ̀ ìdílé aláwọ̀ funfun kan ní ìlú Tilbury ni a ti tọ́ ọ. Ó sì fi hàn láìfi igbá bo ọ̀rọ̀ bí òun ti kórìíra àwọ̀ ara òun tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi dara pọ̀ mọ́ àwọn jàǹdùkú tí ń lu aláwọ̀ dúdú. Àwọn mìíràn bọ́ sọ́wọ́ alágbàtọ́ rere, a mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òbí wá mú wọn lọ sílé, àjèjì ni wọ́n ka òbí sí. Lónìí, ẹni tí kì í ṣe ìbátan tímọ́tímọ́ kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 sọ́dọ̀ fún ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìfi tó ìgbìmọ̀ ìlú létí.

Àwọn òbí òde òní a máa gbọ́ ìtàn yìí, wọn a sì mi orí. Wọ́n ní, "Àwa kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láé, inú ilé wa ni ọmọ wa ń sùn." Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè wa sí wọn ni èyí: ọmọ ń sùn nínú ilé yín, ta ni ẹ gbé ẹnu rẹ̀ fún tọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá wà lójú jíjí fún wákàtí 12, tí ó sì lo 9 nínú rẹ̀ ní ilé ìtọ́jú, wákàtí 3 péré ni ó kù fún baba àti ìyá. Nínú wákàtí 3 yìí ni ìwẹ̀ wà, oúnjẹ wà, eré wà, àdúrà alẹ́ wà. Bí wọ́n bá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwọ̀nyí pẹ̀lú, wọ́n ti fi ọmọ náà fún alágbàtọ́ tán, bí wọn kò tilẹ̀ gbé e kúrò nínú ilé. Àwọn òbí àtijọ́ fi ọmọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹkún, nítorí wọn kò rí ibi fi í sí. Àwọn ti òde òní ń fi ẹnu ọmọ sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín, nígbà tí kò sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ìdí tí wọ́n ń wí fún wa kò ju 2 lọ. Ti èkíní, wọ́n ní ọmọ yóò kẹ́yìn ní ilé-ẹ̀kọ́. Ti èkejì, wọ́n ní èdè méjì yóò da orí ọmọ rú. Àwa tí a ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún nínú kíkọ́ àwọn olùkọ́ lè dá wọn lóhùn. Ọmọ tí ó wà ní àárín àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ni yóò ṣe tí kò fi ní gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì? Òfin ilẹ̀ náà sọ pé kí ó máa kẹ́kọ̀ọ́ láti nǹkan bí ọmọ ọdún 5 títí di ọdún 16. Ọdún 11 ni wọn yóò fi kọ́ ọ. Yorùbá ni kò ní olùkọ́ mìíràn. Àwọn onímọ̀ ìtọ́jú ọ̀rọ̀ sísọ ní ilẹ̀ náà pàápàá a máa gba òbí níyànjú pé kí wọ́n bá ọmọ wọn sọ èdè tí ó wà lẹ́nu àwọn fúnra wọn dáadáa. Bí ẹ bá sì fẹ́ ẹ̀rí tí ó sún mọ́lé, ẹ rántí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, nígbà tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún 6 ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí a sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ kò sì yọ sílẹ̀.

Òbí kan lè wí pé, "A ti sọ Yorùbá fún un, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń dá wa lóhùn." Kí ó má ṣe jẹ́ kí ó rẹ òun. Kí ó máa bá a nìṣó ní Yorùbá. Gbígbọ́ ni ó ṣáájú sísọ, ọmọ tí ó bá sì ti gbọ́, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnu rẹ̀ yóò là. Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò.

Ṣùgbọ́n àwa kò lè di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí ó wà ní òkè òkun. Ta ni ó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀? Àwa ni. Àwa olùkọ́ ni a fi owó ìtanràn àti pàṣán lé orí ẹnu ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Àwa ni a pe èdè tí a fi ń wàásù, tí a fi ń jọba, ní èdè tí kò yẹ ní yàrá ẹ̀kọ́. Ní Èkó àti ní Ìbàdàn lónìí, láìkọjá òkun, àwọn ọmọ wà nínú ilé àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọn kò lè kí àgbà tán ní gbólóhùn kan. Nígbà tí ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì dá ìyá àgbà lóhùn, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀ ni ó pàtẹ́wọ́. Àwa tí a wà nílé ni.

Nínú ìwé Nehemáyà, ní orí 13, a ka nípa àwọn ọmọ Júù kan tí ìdajì wọn ń sọ èdè Áṣídódù, tí wọn kò sì lè sọ èdè àwọn Júù. Inú bí Nehemáyà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lu àwọn baba wọn, tí ó sì fa irun wọn tu. Àwa kò ní fa irun ẹnikẹ́ni tu. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé baba ni ó bá wí, kò bá ọmọ wí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí ẹlòmíràn tí ó pẹ́ ní ìdálẹ̀. Ní 1821 ni a kó Àjàyí ní Òṣogùn, tí a sì yà á kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Freetown ni ó bọ́ sí. Ibẹ̀ ni ó ti kàwé, tí ó ti di Samuel Crowther, tí ó sì ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún láàárín àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sọ èdè rẹ̀ nù. Ní 1843 ni ìwé rẹ̀ lórí àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ni ó wàásù ní Yorùbá ní Freetown fún àwọn ènìyàn wa tí a tú sílẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó sì rí Àfàlà, ìyá rẹ̀, ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún 25, kò sí ògbufọ̀ láàárín wọn. Ìyá sọ̀rọ̀, ọmọ gbọ́. Ọmọ sọ̀rọ̀, ìyá gbọ́. Wọ́n pàdé. Ẹni tí a fi agbára mú lọ mú èdè rẹ̀ bọ̀. Ẹni tí ó fi owó ara rẹ̀ ra ìwé ọkọ̀ lọ, kí ni yóò wí?

Nítorí náà ni a fi ń dá àbá 3. Ẹ̀yin òbí tí ó wà ní ìdálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà ilé yín jẹ́ ààlà. Bí ẹ ti ń bọ́ bàtà òtútù sílẹ̀, kí ẹ bọ́ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ pẹ̀lú. Wákàtí 3 yẹn, ẹ fi Yorùbá wẹ ọmọ, ẹ fi Yorùbá bọ́ ọ, ẹ fi àlọ́ tẹ́ ẹ sùn, ẹ sì máa pe orúkọ rẹ̀ tán pẹ̀lú ohùn rẹ̀, kí ẹ má ṣe gé e kúrú nítorí ẹnu àlejò.

Ẹ̀yin baba àgbà àti ìyá àgbà nílé, ẹ yan ọjọ́ kan àti wákàtí kan lọ́sẹ̀ tí ọmọ yóò máa gbọ́ ohùn yín lórí tẹlifóònù. Ẹ má ṣe wá Gẹ̀ẹ́sì kiri fún un. Ẹ kí i, kí ẹ kọ́ ọ ní bí a ti ń dáhùn. Ẹ kì í. Ẹ pa àlọ́ fún un. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ẹ má ṣe fi í ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ọmọ tí a bá fi ẹ̀rín lé kúrò nínú èdè kì í tètè padà síbẹ̀.

Ẹ̀yin Ọba wa, ẹ̀yin ìjòyè, àti ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wa parí sí. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni a ti dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ ní 1945. Ìdálẹ̀ kò pa ìfẹ́ ilé lọ́kàn àwọn tí ó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá lọ bẹ àwọn ọmọ ìlú wò ní ọ̀hún lónìí, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kí yín káàbọ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ sì fi ń dáhùn, tí àwọn ọmọdé jókòó tí wọ́n ń wò yín. Ẹ fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀, kí ọmọ lè rí i pé èdè tí ìyá òun ń sọ nínú ilé ìdáná ni adé ń sọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan pé níbo ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní ọjọ́ Sátidé, ẹ sì fi ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Owó àsè kan ṣoṣo tó láti ra ìwé fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ.

Ìyá àgbà tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà láàyè nígbà tí a ń kọ èyí. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún 6. Àyè ṣì wà, ṣùgbọ́n kò pọ̀. Kí Olódùmarè jẹ́ kí òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ pàdé kí ilẹ̀ tó ṣú. Àṣẹ.